FBAR Àbí SMR? Ẹ Kọ́kọ́ Wá Ibi Tí Agbára Ti Ń Jò

Ẹ fi ìka kan ojú ìlù tó ń dún. Tí ẹ bá tẹ àárín rẹ̀, ohùn á pa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tí ẹ bá tẹ etí rẹ̀, á ṣì dún, ṣùgbọ́n á tètè kú. Ní Ojúde Ọba tó kọjá ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo dúró ti onílù kan kí àwọn ẹlẹ́ṣin tó jáde. Àtàǹpàkò ló fi ń tẹ òrùka awọ tó yí ojú ìlù rẹ̀ ká, ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ yípo, ó ń wá ibi tó ti dẹ̀. Kò fọwọ́ kan àárín rárá. Ó mọ̀ pé etí ni ohùn ń gbà sá lọ.

Asẹ́ BAW (bulk acoustic wave) inú fóònù, èyí tó ń yan ìgbì rédíò tó máa kọjá, ìlù ni òun náà. Awọ tín-ín-rín tí iná ń mú gbọ̀n ni, ó sì lè gbọ̀n nígbà bílíọ̀nù méjì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lọ́jọ́ Sátidé ni mo máa ń jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, àwọn tó ń bọ̀ láti Àgọ́-Ìwòyè, Ìjẹ̀bú-Igbó, Ṣàgámù àti Ìlíṣàn. Mẹ́ta nínú wọn mú asẹ́ BAW fún iṣẹ́ àṣekágbá lọ́dún yìí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì bá wá: "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n yàn, FBAR àbí SMR?" Oríṣi asẹ́ BAW méjì ni FBAR àti SMR: awọ FBAR so rọ̀ lórí afẹ́fẹ́, ti SMR jókòó lé ilẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ni mo ń kọ èyí fún, àti ẹnikẹ́ni tó bá wà nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ má tíì yan orúkọ kankan. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí agbára ti ń jò. Tí ẹ bá rí i, òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ èyí tí ẹ máa yàn.

Ohun tí àdánù ń ná wa

Asẹ́ yìí kò yàtọ̀ sí ajọ̀ tí àwọn ìyá onígàrí ń lò: ó ń jẹ́ kí èyí tí a fẹ́ kọjá, ó ń dá èyí tí a kò fẹ́ dúró. Ajọ̀ tó dára kì í di gàrí kíkúnná mú. Nínú fóònù, ìgbì tó yẹ kó kọjá tí kò kọjá, ooru ló ń dà.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Fóònù 4G lásán lè fi 23 dBm ránṣẹ́ láti ẹnu áńtẹ́nà, ìyẹn 200 milliwatt. Tí asẹ́ tó wà láàárín ámpílífáyà àti áńtẹ́nà bá jẹ 1 dB (dB ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn àdánù), ámpílífáyà gbọ́dọ̀ gbé 251 milliwatt jáde kí 200 tó dé ẹnu áńtẹ́nà. Tó bá jẹ 2 dB, ó di 316. Inú bátìrì ni àlékún yẹn ti ń wá. Ní àwọn abúlé tí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì jìnnà sí, tí fóònù gbọ́dọ̀ fi gbogbo ohùn pariwo kí wọ́n tó gbọ́ ọ, ẹ ó rí i pé ó ń gbóná lápò kíákíá, bátìrì sì ń wálẹ̀. Lọ́nà ìgbàwọlé ẹ̀wẹ̀, gbogbo dB tí asẹ́ bá jẹ kó tó kan ámpílífáyà àkọ́kọ́ ń kún ariwo ní tààràtà. Kò sí bí a ṣe lè rí i gbà padà lẹ́yìn ìgbà náà.

Lẹ́tà Q ni wọ́n fi ń wọn bí ìlù kékeré yìí, tí à ń pè ní resonator, ṣe ń di agbára mú. Ẹ fi náírà rò ó. Ká ní ₦1,000 agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí Q bá jẹ́ 1,000, ₦6 àti kọ́bọ̀ díẹ̀ ló ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbígbọ̀n kọ̀ọ̀kan. Tí Q bá jẹ́ 2,000, ₦3 àti kọ́bọ̀ díẹ̀ ni.

Ibi tó ń jò kì í ṣe ẹyọ kan. Ojú irin tí iná ń gbà ń jẹ tirẹ̀, etí awọ ń jẹ tirẹ̀, abẹ́ awọ náà ń jẹ tirẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní Q tiẹ̀, ìdá kan lórí Q la sì máa ń rò pọ̀, kì í ṣe Q fúnra rẹ̀. Mo máa ń kọ àpẹẹrẹ yìí sójú pátákó: ká ní abẹ́ awọ nìkan fún wa ní 1,000, etí 2,000, irin 4,000. Tí ẹ bá rò wọ́n pọ̀, 571 ló kù. Ẹni tó bá lọ wá irin tó sàn ní ìlọ́po méjì, tí ti irin fi di 8,000, 615 péré ló máa rí. Ẹni tó bá tún abẹ́ awọ ṣe títí ó fi di 10,000, tí kò fọwọ́ kan irin rárá, 1,176 ló máa rí. Àwọn méjèèjì ló ṣiṣẹ́, àmọ́ ọ̀kan dí ihò ńlá, èkejì dí ihò kékeré. Òrùlé tó ń jò ní yàrá, a kì í lọ pààrọ̀ páànù ilé ìdáná.

Ohun tó wà lábẹ́ awọ

Àárín FBAR àti SMR bára mu: aluminium nitride, ìyẹn ohun tí iná ń mú gbọ̀n, ní àárín, ojú irin kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ní 2 GHz, aluminium nitride yẹn kò ju nǹkan bíi micrometre kan lọ ní ìnípọn. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ohun tí awọ náà jókòó lé.

FBAR jókòó lé afẹ́fẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ohun kan dí ihò inú silicon, wọ́n á tẹ́ awọ lé e, lẹ́yìn náà wọ́n á fi ásíìdì fọ ohun inú ihò náà jáde, awọ á wá so rọ̀ bí awọ ìlù. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́ débi pé ìró tó bá dé ibẹ̀ kò rí nǹkan kan tì, ó máa padà sókè fẹ́rẹ̀ẹ́ pátápátá. Ilé-iṣẹ́ HP ní Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn dé Agilent, tó gbé e jáde sọ́jà ní nǹkan bí ọdún 2001, lónìí ó wà lọ́wọ́ Broadcom.

SMR jókòó lé ilẹ̀. Kò sí ihò. Wọ́n to ìpele tungsten àti ti silicon dioxide léra wọn sábẹ́ awọ, ọ̀kan wúwo, ọ̀kan fúyẹ́, ọ̀kan wúwo, ọ̀kan fúyẹ́. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń ko ìró lójú fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ jura wọn lọ, nítorí náà, ní gbogbo ẹnu ààlà ni apá kan ìró ti ń padà sókè. Ìpele mélòó kan á ṣe é di dígí tó ń dá ìró padà. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìgùn ìgbì ni wọ́n máa ń fi wọn ìnípọn ìpele kọ̀ọ̀kan: ní 2 GHz, ó jẹ́ nǹkan bíi 0.75 micrometre nínú silicon dioxide àti 0.65 nínú tungsten. Infineon ní Jámánì ṣe é, lónìí Qorvo ní Amẹ́ríkà ló ń ṣe é jù.

Tí ẹ bá dúró síbi yìí, ẹ ó sọ pé FBAR ló borí, nítorí pé kò sí dígí tó tó afẹ́fẹ́. Lórí àdánù nìkan, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ooru. Awọ FBAR so rọ̀, ẹ̀gbẹ́ nìkan ni ooru lè gbà jáde. Ti SMR ń gba gbogbo abẹ́ rẹ̀ wọ inú silicon. Ibi tí agbára tó ń kọjá bá pọ̀, bíi ní ìhà ìfiránṣẹ́, nǹkan ńlá nìyẹn.

Ìyípadà ìgbóná tún wà níbẹ̀. Tí ara bá ń gbóná, aluminium nitride àti irin máa ń rọ̀, ìgbọ̀n á sì wálẹ̀. Silicon dioxide ṣe òdìkejì, ṣe ló ń le sí i. Nítorí pé ó wà nínú dígí SMR, ó ń dín yíyẹ̀ náà kù. FBAR lásán máa ń yẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 30 nínú mílíọ̀nù kan fún degree kan, SMR ní nǹkan bíi 20. Ẹ mú Band 3 tí fóònù 4G ń lò ní Nàìjíríà: ìfiránṣẹ́ wà láàárín 1,710 sí 1,785 MHz, ìgbàwọlé láti 1,805 sí 1,880. MHz 20 péré ló wà láàárín wọn. Fóònù tí wọ́n gbàgbé síwájú mọ́tò ní Ṣàgámù lọ́sàn-án gangan, tí ara rẹ̀ gbóná ju ti àárọ̀ lọ ní 40 degree, á yẹ̀ ní MHz 2 ó lé díẹ̀ tó bá jẹ́ FBAR, tó bá jẹ́ SMR, nǹkan bíi 1.5. Inú MHz 20 yẹn ni wọ́n ti máa yọ ọ́, ẹ̀bá asẹ́, ìyẹn ibi tó ti ń kúrò nínú gbígbà sí dídá dúró, sì gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Q tó ga nìkan ló lè mú kó dúró ṣánṣán.

Ìgbì yíyọ̀, tí dígí kì í rí

Ibí ni mo ti rí i tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọsẹ̀ jù lórí SMR. Ìró inú nǹkan líle máa ń rìn lọ́nà méjì. Ọ̀kan ń tì síwájú sẹ́yìn, bí èrò tó ń ti ara wọn ní ẹnu ọ̀nà. Ìkejì, ìpele ń yọ̀ lórí ìpele, bíi káàdì tí à ń fi ọwọ́ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbì yíyọ̀ yìí lọ́ra gan-an ju ìgbì títì lọ: nínú silicon dioxide, ìgbì títì ń sáré bíi 5,970 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá, ìgbì yíyọ̀ bíi 3,760. Dígí tí ẹ wọn ní ìdá kan nínú mẹ́rin fún ìgbì títì, ìwọ̀n rẹ̀ kò bá ìgbì yíyọ̀ mu mọ́. Ó lè máa wò ó bó ṣe ń kọjá.

Ìgbì títì ni à ń fi iná mú jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní etí awọ, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń yí padà di ìgbì yíyọ̀, ó sì ń ti inú dígí wọlẹ̀ lọ. Ní 2005, àwọn ẹlẹ́rọ Infineon fi hàn pé tí a bá fi ìwọ̀n ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn sílẹ̀, tí a tún ìnípọn ìpele wọn kí dígí lè dá ìgbì méjèèjì padà, Q á gòkè dáadáa. Ẹ ó pàdánù díẹ̀ lára dídá ìgbì títì padà, ẹ ó jèrè púpọ̀ lórí yíyọ̀. Ẹni tó bá ṣe SMR láìṣe ìṣirò ìgbì yíyọ̀, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ tún rántí pé tungsten ń gbé iná. Tí ẹ bá tẹ́ ẹ lọ gbalaja sábẹ́ gbogbo resonator, iná á máa gba abẹ́ kọjá láti ọ̀kan sí èkejì. Ẹ gé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

FBAR kò ní wàhálà ìgbì yíyọ̀ nísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń dá ìgbì títì àti yíyọ̀ padà bákan náà.

Etí, níbi tí iṣẹ́ gidi wà

Ní FBAR, tí abẹ́ ti dí, tí òkè ti dí, ibo ló kù tí agbára ń gbà jáde? Etí ni. Ìgbì kan wà tó ń rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ nínú awọ. Tó bá dé ibi tí awọ ti so mọ́ silicon, tàbí ibi tí ojú irin òkè ti ń kọjá jáde láti lọ pàdé resonator kejì, ó ń tẹ̀síwájú ni, kò ní padà. SMR náà ní ìṣòro yìí, ó kàn jẹ́ pé ti abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń pariwo.

Ẹ fojú inú wo ìwọ̀n rẹ̀. Resonator kan fún 50 ohm ní 2 GHz fẹ̀ bíi 140 micrometre níhà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nǹkan bí ìbú fọ́nrán irun orí méjì. Irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀, etí rẹ̀ pọ̀ sí inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí resonator ńlá fi máa ń di agbára mú ju kékeré lọ, bí ohun gbogbo bá tilẹ̀ bára mu. Tí àyè bá gbà yín, ẹ lè fi méjì tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì tẹ̀ lé ara wọn dípò ẹyọ kan: ìdènà iná kò yí padà, agbára tó ń wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dín kù.

Ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń dì mú ni kí wọ́n má jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kankan bá èyí tó kọjú sí i rìn lọ ní ìjìnnà kan náà. Tí ẹ bá rí àwòrán asẹ́ FBAR, ẹ ó rí i pé àwọn resonator rẹ̀ ní igun márùn-ún tí kò dọ́gba, bí òkúta tí wọ́n fi ọwọ́ gé. Ohun tó ń ṣe ni pé ìgbì tó ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ kò ní rí ọ̀nà kan náà padà, kò ní lè dá ìgbọ̀n àjèjì tirẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà asẹ́. Ó dára. Àmọ́ mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa: kò dí ihò kankan. Ó kàn tú ariwo ká ni, agbára ṣì ń sá lọ. Mo ti ka iṣẹ́ àṣekágbá tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ pé igun márùn-ún ló "mú àdánù kúrò", ó sì dùn mí, nítorí ọmọ tó kọ ọ́ ṣiṣẹ́ gidi.

Èyí tó ń dí ihò ni férémù. Ìlà tín-ín-rín tí wọ́n fi kún etí ojú irin òkè ni, micrometre mélòó kan ní ìbú, tó fi díẹ̀ ga ju àárín lọ. Àwọn onílù bàtá máa yé ọ̀rọ̀ yìí: ìda tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú òjò ń mú ohùn rẹ̀ wálẹ̀ nítorí ó ń fi ẹrù kún awọ. Férémù ń fi ẹrù kún etí nìkan. Ìgbọ̀n etí á wá yàtọ̀ sí ti àárín, ìgbì tó ń bọ̀ láti àárín á dé ibẹ̀, kò ní rí ọ̀nà gbà, á padà. Tí ìbú rẹ̀ bá bọ́ sí i gan-an, gbogbo àárín á máa lọ sókè-sódò lẹ́ẹ̀kan náà bí ọmọ odó. Tí ìbú bá yẹ̀ ní ìdajì micrometre, èrè náà lè sọnù. Férémù tó ga máa ń gbé Q sókè ní òkè ọ̀nà asẹ́, ṣùgbọ́n ó lè fa ariwo kékeré ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà náà, nítorí náà ẹ wo méjèèjì kí ẹ tó yọ̀.

Èkejì tí mo fẹ́ràn ni afárá. Níbi tí ojú irin òkè bá ti fẹ́ kọjá etí, wọ́n á gbé e sókè díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wà lábẹ́ rẹ̀, kí irin má baà kan awọ ní ìta. Láìsí afárá, ibi ìkọjá yẹn á ṣì máa gbọ̀n níbi tí kò sí ihò lábẹ́ rẹ̀, gbogbo ohun tó bá gbọ̀n níbẹ̀, silicon á gbé e mì.

Irin: ẹ ka òkè àti ìsàlẹ̀

Kí ẹ tó lọ sí ọjà irin, ẹ wo ìlà ìdènà resonator yín, ìyẹn àwòrán bó ṣe ń dènà iná bí ìgbọ̀n ṣe ń yí padà. Ibì kan wà tó ti rì wálẹ̀ jù, ibì kan wà tó ti ga jù. Tí ibi tó rì kò bá jìn tó, irin ni ẹ máa fura sí, nítorí níbẹ̀ ni iná púpọ̀ ti ń kọjá nínú rẹ̀. Tí ibi tó ga kò bá ga tó, etí tàbí dígí ni. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá mú àwòrán wá nìyẹn, ó sì máa ń gbà wá ní wákàtí púpọ̀.

Molybdenum ni mo máa ń mú fún ìbẹ̀rẹ̀: kì í jẹ ìró púpọ̀, ó ń gbé iná dáadáa, aluminium nitride sì máa ń hù tààrà lórí rẹ̀. Tungsten wúwo fẹ́rẹ̀ẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀. Ruthenium le, ṣùgbọ́n kò gbé iná tó molybdenum. Aluminium gbé iná ju gbogbo wọn lọ, ó sì rọ̀ jù fún ibi tí ìró ti ń gbọ̀n kíkan. Ẹ fi aluminium tàbí wúrà nípọn sórí ọ̀nà ìta, níbi tí kò ti sí gbígbọ̀n, ibẹ̀ ló ti wúlò.

Scandium, ní kúkúrú

Ní 2009, àwọn onímọ̀ ní Japan fi hàn pé tí a bá po scandium mọ́ aluminium nitride, agbára rẹ̀ láti sọ iná di gbígbọ̀n lè pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún. Ó ń fẹ ọ̀nà asẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń rọ awọ, ó sì ń jẹ ìró ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbàwọlé Band 3 fẹ̀ tó ìdá 4 nínú 100, aluminium nitride lásán lè tiraka dé ibẹ̀, scandium díẹ̀ á sì ràn án lọ́wọ́. Band n78 ti 5G, láti 3.3 sí 3.8 GHz, fẹ̀ tó ìdá 14. Kò sí bí aluminium nitride lásán ṣe máa kárí ìyẹn. Ẹ fi scandium sí i torí fífẹ̀, ẹ má fi sí i torí àdánù.

Èwo ni kí ẹ wá yàn

Fún 700 àti 800 MHz, ẹ má wulẹ̀ ṣe BAW. Asẹ́ SAW tó ń lo orí kírísítálì kò wọ́n, ó sì tó iṣẹ́ yẹn ṣe.

Fún Band 3 lọ́nà ìgbàwọlé, níbi tí ooru kò ti pọ̀ tí ẹ̀bá sì gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, FBAR ni, pẹ̀lú férémù àti afárá. Lọ́nà ìfiránṣẹ́, tí agbára bá pọ̀, mo máa mú SMR, tí ẹ bá ti ṣe ìṣirò dígí fún ìgbì méjèèjì. Tí ẹ bá mọ̀ pé àkókò kò ní gbà yín láti ṣe ìṣirò yẹn, ẹ padà sí FBAR. SMR tí dígí rẹ̀ kò pé burú ju FBAR tí férémù rẹ̀ kò pé lọ.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìṣirò Mason, èyí tí ọ̀pọ̀ ń fi ṣe àwòṣe resonator, nìkan. Ọ̀nà òkè-sí-ìsàlẹ̀ nìkan ló ń wò, kò mọ̀ pé awọ ní etí, kò sì mọ ìgbì yíyọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó kan láàárín àwọn mẹ́ta yẹn mú Q tó dára púpọ̀ wá fún mi láti inú rẹ̀. Nígbà tí a gbé e lọ sí Elmer, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, ní 2D, tí a fi ìpele tó ń gbé ìró mì sí ẹ̀gbẹ́, Q já wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, etí ni." Ó ti ń yí ìbú férémù padà láti ìgbà náà, láti micrometre 2 lọ sí 8, ní 0.25, 0.25, lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń lo iná sólà bàbá rẹ̀. Ó ti dé 4.75.